Àyè Tí Bàbá Fún Làmídì

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Bàbá jáde láyé, mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò kí n lọ ra búrẹ́dì àti omi fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí wa. Mo ti jókòó, mo ti de bẹ́líìtì, kí n tó rántí pé ẹnikẹ́ni ò tíì wo táyà. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo yí ọkọ̀ náà po, mo fi ẹsẹ̀ ta táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí ìyá bá ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. N kò mọ ohun tí mò ń wá. Bàbá ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti lọ.

Samson Àkànní lorúkọ rẹ̀, bàbá tó bí màmá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn. Láti ìgbà tí ìyá àgbà ti kú nílé ló ti wá ń bá èmi àti màmá mi gbé ní Snellville, ìlú kan ní Georgia ní Amẹ́ríkà. Ní ẹnu, "wọ́n" ni mo máa ń pe Bàbá, n kò jẹ́ pè é ní "ó" láéláé. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni n óò lò, kí ẹni tó ń kà á má baà rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mò ń sọ̀rọ̀ wọn. Kí ó foríjì mí. N kò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí n kò mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí etí mi gbọ́ ni mo fẹ́ kó jọ, kí wọ́n má baà fọ́n ká.

Awakọ̀ ni. Kò wa ọkọ̀ kankan ní Amẹ́ríkà, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì kó tó dé, ṣùgbọ́n awakọ̀ náà ló jẹ́ títí tó fi kú. Ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò níwájú ilé wa kó má yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ ọkọ̀ ẹni tó wá gbé oúnjẹ jíṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, pásítọ̀ wa wá kí wa. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Bàbá lọ dúró síwájú ọkọ̀ rẹ̀ bí ọlọ́pàá ojú títì. Táyà ẹ̀yìn kan ti pá bí orí arúgbó. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ òun. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ máa gbàdúrà, Pásítọ̀. Àmọ́ táyà yìí ò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè ẹ̀mí."

Òun àti obìnrin inú fóònù tó ń júwe ọ̀nà ò sì rẹ́. Bí mo bá ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, tí ohùn náà bá ní kí n yà sí ọ̀tún, Bàbá á ní, "Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀? Ṣé ó ti dé ibẹ̀ rí?" Á ní kí n pa á. Á ní kí n máa dárúkọ ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà: ilé epo, ṣọ́ọ̀ṣì tó kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní pupa, igi páìnì méjì tó fara ti ara wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wa ọkọ̀ láti Dacula, ìlú kan nítòsí wa, délé láìtan fóònù, inú mi dùn bíi ti ọmọdé, mo ń retí kó yìn mí. Kò yìn mí. Ó ń tú bẹ́líìtì rẹ̀ nígbà tó sọ pé, "Ọ̀nà tí o kò bá lè rántí, o ò tíì rìn ín."

Ohun kan wà tó ń fa ìjà láàárín òun àti màmá mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, "Bàbá Méjọ̀" ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Màmá mi ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í léèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ṣe nílé, ó ní sọ́jà ni, wọ́n ní kí ni ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀: méjọ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń tọ́ka àga fún ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà á kan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ síwájú orí kí i. Bàbá á ní, "Mi ò kì í ṣe méjọ̀ o." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbà yìí mà nírẹ̀lẹ̀ o. Nínú mọ́tò, bí a bá ń padà bọ̀ nílé, màmá mi á máa bẹ̀ ẹ́: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè yín bẹ́ẹ̀. Kí ló gbà yín?" Bàbá á wo ìta láti ojú fèrèsé. Ó ní lọ́jọ́ kan, "Ẹ̀wù tí kì í ṣe tèmi, bó tilẹ̀ bá mi mu, n óò kàn máa bojú wẹ̀yìn nínú rẹ̀ ni."

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní tí kì í ṣe ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mista Hendrik ni, aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì ni, ó ti ń gbé ní Georgia kí wọ́n tó bí màmá mi, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Láàárọ̀, àwọn méjèèjì á gbé àga síwájú gáréèjì Mista Hendrik. Òun á mu kọfí dúdú. Bàbá á gbé tíì tirẹ̀ kọjá títì, tíì tí mílíìkì inú rẹ̀ pọ̀ ju omi lọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, kálukú pẹ̀lú ohùn ilẹ̀ baba rẹ̀. Mista Hendrik náà wọṣẹ́ ológun nígbà èwe rẹ̀, nítorí gbogbo ọ̀dọ́kùnrin ni òfin ilẹ̀ wọn ń mú wọ̀ ọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò dé ojú ogun rí. Ojú máa ń tì í láti pe ara rẹ̀ ní sọ́jà níwájú Bàbá. Bàbá kò fara mọ́ ìtìjú yẹn. "Sọ́jà tí kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni rí," ló máa ń wí, "òun ni sọ́jà tó ṣorí ire."

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, màmá mi ni alábòójútó àwọn tó ń gba àlejò ní họ̀tẹ́ẹ̀lì kan nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Ọ̀sán kan, mo ń gba ẹ̀kọ́ lórí kọ̀ǹpútà nídìí tábìlì oúnjẹ, Bàbá ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ la gbọ́ tí mọ́tò màmá mi wọlé. Ṣíìfù rẹ̀ kò tíì parí. Ó wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kò bọ́ bàtà.

"Bàbá, wọ́n ti furlough wa."

"Wọ́n ti kí ni yín?"

"Furlough. Wọn ò lé wa kúrò níṣẹ́ o. Wọ́n ní ká lọ jókòó sílé, pé àwọn máa pè wá."

"Owó oṣù ńkọ́?"

"Kò sí owó oṣù, Bàbá."

Ó lọ sínú yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ẹkún rẹ̀. Bàbá ò bó ọsàn mọ́. Ó tún ọ̀rọ̀ náà pè lábẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì: "Fọ́lò. Fọ́lò." Ó ní kí n kọ ọ́ fún òun ní gàdàgbà. Mo kọ ọ́ sórí bébà. Ó wọ awò ojú, ó sún bébà náà síwá sẹ́yìn.

"Kí ni *g* àti *h* yìí ń ṣe níbí, tẹ́nikẹ́ni ò pè wọ́n?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Bàbá ká bébà náà. "Ọ̀rọ̀ tó bá gbé ẹrù tí kò lò," ó ní, "ibì kan ló ti ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ó mú bébà náà kọjá títì. Mo bá a gbé tíì rẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Nítorí àrùn náà, wọ́n gbé àga wọn jìnnà síra, ìbòmú wà lẹ́nu wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mista Hendrik ka ohun tí mo kọ, ó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ tiwa lo gbé wá fún mi yìí, Samson."

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó kọ tiwọn sábẹ́ rẹ̀: *verlof*. Ó pè é, ohùn *f* tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì dún ketekete bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ná. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá ran àwọn baba ńlá òun lọ́wọ́ jagun nílẹ̀ àwọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, tí wọ́n sì bá a relé.

"Kí ló túmọ̀ sí?" ni Bàbá bi í.

"Ìyọ̀ǹda. Kí ọ̀gá yọ̀ǹda fún ọ kí o lọ sílé. Ní ọ̀sán Friday, ọkọ̀ ojú irin máa ń kún fún àwa sọ́jà kéékèèké tí wọ́n fún ní verlof. Kálukú pẹ̀lú àpò aṣọ ìdọ̀tí tó ń gbé lọ fún ìyá rẹ̀ láti fọ̀."

"Páàsì," Bàbá wí. "Páàsì la máa ń pè é ní tiwa."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù mi níbi tí mo dúró sí. Òótọ́ ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ a máa fi *f* parí ọ̀rọ̀ náà bíi ti Mista Hendrik. Nígbà tó yá, ohùn náà já bọ́ lẹ́nu wọn, ó wá ku lẹ́tà tí kò ní ohùn nínú mọ́. Mo tún kà á pé ìbátan ni òun àti ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, *leave*. Mista Hendrik fi kún un pé bí ènìyàn bá yọ orí ọ̀rọ̀ náà kúrò, ohun tó kù, *lof*, ìyìn ni lédè àwọn, àti pé ìdílé kan náà làwọn onímọ̀ èdè kó gbogbo wọn sí.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an.

"Ẹni tí wọ́n bá fún ní verlof, ṣé wọ́n ń retí rẹ̀ padà?"

"Dájúdájú. Bí wọn ò bá retí rẹ, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́."

Bàbá dìde, kò parí tíì rẹ̀. Bí a ti ń kọjá títì, ó di apá mi mú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. "Ẹni tí wọ́n ń retí kì í ṣe ẹni tí wọ́n lé."

Ó rò pé oògùn lòun ń gbé lọ fún ọmọ òun. Màmá mi wà ní kíṣìnì, ó tẹ́ bílì iná àti ti ilé síwájú, kò kà wọ́n, ó kàn ń wò wọ́n. Bàbá ní, "Bọ́láńlé, má sunkún mọ́. Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ sọ́jà ni. Àwọn ará Hendrik ló ni ín. Ìyọ̀ǹda ni, wọ́n ń retí rẹ."

Màmá mi gbé ojú sókè. "Bàbá, sọ́jà tó bá gba páàsì, ṣé wọ́n ń dá owó oṣù rẹ̀ dúró?"

"Rárá."

"Ẹ ò rí i? Wọ́n kàn gbé orúkọ tó dáa wọ ohun tí kò dáa ni." Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Bàbá? Ẹ fi gbogbo èwe yín sin ìjọba. Kí ni wọ́n fún yín? Àwọn tí ẹ jọ wọṣẹ́ fẹ̀yìn tì ní ọ̀gá ńlá ńlá, láńsì kọ́pùrà ni tiyín! Mo ní láti máa parọ́ fáwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì nítorí ojú ń tì mí!"

Mo rí i pé ó fẹ́ fa ọ̀rọ̀ náà padà bó ti ń jáde. Kò sí bó ṣe lè fà á padà. Bàbá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀yìn àga. Mo rò pé yóò jáde lọ. Ó fa àga náà, ó jókòó.

"Jókòó, Bọ́láńlé. Tómi, ìwọ náà wá."

Ohun tó sọ fún wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà, màmá mi tó jẹ́ ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ ọ rí. Ìyá àgbà kú láìgbọ́ ọ.

"Mo ti jẹ sájẹ́ǹtì rí," ló fi bẹ̀rẹ̀. "Rópù mẹ́ta, àmì ipò náà, wà lápá mi. Nígbà ogun Bìáfírà, iṣẹ́ mi ni kí n fi lọ́rì gbé àwọn tó gba páàsì kúrò lójú ogun, kí n sì lọ kó wọn padà bí àkókò wọn bá pé. N kò tíì rí ènìyàn tó ń kọrin bí àwọn tí mò ń gbé lọ. N kò sì tíì rí ènìyàn tó dákẹ́ bí àwọn tí mò ń gbé bọ̀.

"Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn, Làmídì, ọmọ abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ, wọ́n fún un ní páàsì. Lọ́jọ́ tí mo lọ kó wọn, kò sí ní oríta tí a fi àdéhùn sí. Àṣẹ ni pé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, kí n lọ mú un nílé. Mo yí lọ́rì sí abúlé náà. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti bá a, níwájú ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí. Ọmọ tuntun wà lórí itan rẹ̀, ẹ̀wù sọ́jà ló fi wé e. Bó ti rí mi, ó dìde. Ó gbé ọmọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wọ bàtà. Ti ọ̀tún ló ń wọ̀ sí ẹsẹ̀ òsì."

"Kí lẹ sọ fún un?" ni màmá mi bi í.

"Mo ní, 'Jókòó.' Ó ní, 'Sájẹ́ǹtì, àkókò mi ti pé.' Mo ní, 'Mo fún ọ láyè.' Àyè náà ò sí lọ́wọ́ mi, Bọ́láńlé. Sájẹ́ǹtì kì í fúnni ní páàsì. Mo gba bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo mú un jókòó, mo wa lọ́rì mi lọ.

"Nígbà tí mo dé ibùdó, ọ̀gá wa ní, 'Làmídì dà?' Ǹ bá ti ní mi ò rí i. Àwọn tó wà nínú lọ́rì ì bá gbè mí lẹ́sẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á. Mo ní, 'Mo fi í sílẹ̀ nílé, sà. Kò tíì sunkún ìyàwó rẹ̀ tán.' Ó ní, 'Ta ló fún un láyè?' Mo ní, 'Èmi ni, sà.'"

Wọ́n to gbogbo àwọn ọmọ ogun ibùdó náà sórí ìlà kí wọ́n lè wo Bàbá. Wọ́n já rópù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lápá rẹ̀ níwájú àwọn tó ń pàṣẹ fún. Wọ́n gba lọ́rì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé, nígbà tí wọ́n sì tú u sílẹ̀, wọ́n ní kó máa gbẹ́ kòtò. Lẹ́yìn ogun, rópù kan ṣoṣo, ti láńsì kọ́pùrà, ni wọ́n dá padà fún un.

"Làmídì ńkọ́?" ni màmá mi bi í.

"Ó padà wá fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló sọ fún un pé wọ́n já rópù mi nítorí rẹ̀. Mo wà nínú kòtò lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ṣọ́bìrì dún lẹ́yìn mi. Kò kí mi. Ó kàn ń gbẹ́lẹ̀." Bàbá nu ojú tábìlì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni pé nǹkan dà sí i. "Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó kú lẹ́bàá odò kékeré kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé."

"Ọmọ náà ńkọ́, Bàbá?"

"Ó yè. Mo lọ wò ó lẹ́yìn ogun. Ó ti ń sáré kiri. Bó ti rí mi, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀."

Màmá mi ti ń sunkún. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa látọjọ́ yìí? Ohun tó dáa lẹ ṣe."

"Ohun tó dáa?" Bàbá gbọn orí. "Ọmọkùnrin náà kú. Nítorí tèmi ló ṣe padà. Àyè tí mo fún un ò gùn tó."

Màmá mi dìde lórí àga rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí táìlì, ó gbé orí lé orúnkún bàbá rẹ̀. N kò rí i kí ó kúnlẹ̀ fún un bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ìkúnlẹ̀ tiwa ní Amẹ́ríkà ti di ká kàn tẹ orúnkún díẹ̀ ká sì máa lọ. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì fi í síbẹ̀ pẹ́.

Họ̀tẹ́ẹ̀lì náà kò pe màmá mi padà. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ pé iṣẹ́ ti tán. Ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn nígbà náà, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Dacula. Bàbá bínú jù ú lọ. Ó lọ sọ fún Mista Hendrik pé wọ́n ti ba ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn jẹ́, àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n ń bínú pọ̀. Ó padà wálé, ó ní, "Ẹni tó ní kí o máa lọ tí kò retí rẹ, kò yọ̀ǹda fún ọ. Ó tì ọ́ jáde ni."

Láàárín òun àti màmá mi, nǹkan yí padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí wọ́n ṣe máa ń yí padà nínú fíìmù. Wọ́n ṣì ń jà. Wọ́n jà lórí iyọ̀, wọ́n jà lórí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n jà lórí ibi tí wọ́n máa sin ín sí. Màmá mi fẹ́ gbé e padà sí Ìsẹ́yìn. Bàbá ní rárá, kí ẹnikẹ́ni má gbé òun wọ bàálù mọ́. "Ibi tí ẹ ó ti lè máa yà wò mí," ó ní, "ibẹ̀ ni kí ẹ sin mí sí."

Ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀ ẹ́ níkẹyìn. Dókítà ti sọ fún wa. Nọ́ọ̀sì kan ń wá wò ó nílé, Mista Hendrik sì ń gbé àga tirẹ̀ kọjá títì báyìí, ó ń wá jókòó tì í lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, màmá mi ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Ó la ojú, ó wò mí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni, ǹ bá ti dáhùn dáadáa. Ó ní, "Tómi, ṣé o ti jẹun?"

Ní ọjọ́ ìsìnkú, pásítọ̀ gun orí pẹpẹ, ó ní Bàbá Méjọ̀ wa ti lọ. Ọkàn tó mọ́ ló fi sọ ọ́. Ohun tí a sọ fún un ló gbà gbọ́. Nígbà tó kan màmá mi láti sọ̀rọ̀, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sì dúró ti pósí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Irọ́ ni mo pa fún yín. Bàbá mi kì í ṣe méjọ̀. Sájẹ́ǹtì ni, wọ́n já rópù rẹ̀, láńsì kọ́pùrà ló fi kúrò níṣẹ́." Ó wá sọ ìdí rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ gígùn. Ó dárúkọ Làmídì, ó dárúkọ abúlé, ọmọ tuntun, bàtà. Ó ní, "Ẹ bá mi tún orúkọ rẹ̀ pè bó ṣe fẹ́. Láńsì kọ́pùrà Samson Àkànní."

Wọ́n tún un pè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ àlejò ti lọ, tí mò ń kó àwo kúrò nílẹ̀, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Pa Emeka ni, àgbàlagbà Igbo kan nínú ìjọ wa. Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ kó tó padà sílẹ̀ wọn ṣáájú ogun, Yorùbá rẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Kò wá sí ilé wa rí. Màmá mi fún un lágà. Kò mu omi tí mo gbé wá.

"Ìyá Tómi," ó ní, "mo gbọ́ ohun tí o sọ lónìí. Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, sà?"

"Bàbá rẹ sọ fún mi. Lẹ́yìn ìsìn kan, ó wá kan gíláàsì mọ́tò mi. Ó wọlé, ó jókòó tì mí. Ó ní òun mọ̀ pé èmi náà jagun yẹn, ní apá kejì. Ó sọ ti Làmídì fún mi tán. Ó wá bi mí pé, 'Níbi tí ẹ̀yin wà, ṣé wọ́n ń fún yín ní páàsì?' Mo ní, 'Páàsì síbo? Ilé wa ni ogun wà. Bí mo bá tọrọ àyè kí n lọ sílé, inú ìbọn ni mò ń lọ.'"

Màmá mi bo ẹnu.

"Kò bẹ̀ mí," Pa Emeka ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kò sọ pé kí n má bínú. Ó kàn ní, 'Ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín díẹ̀.' Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìgbà tí ìsìn bá parí, ó ń wá."

Èmi àti màmá mi wo ara wa. Lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, a máa ń wá Bàbá tì lẹ́yìn ìsìn, bó bá sì dé, á ní àwọn àgbà lòun ń kí.

Pa Emeka bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. "Ẹ̀gbọ́n mi kan àti àbúrò mi kan ló kú nínú ogun yẹn. N kò sunkún wọn. À ń sá ni, kò sí àyè. Nígbà tí ogun parí, à ń wá oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, mo wá síbí, mo ń ṣiṣẹ́. Inú mọ́tò yẹn, pẹ̀lú bàbá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbẹ̀ ni mo ti sunkún wọn."

Màmá mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti Pa Emeka.

"Kí lorúkọ wọn, sà?"

Àgbàlagbà náà wò ó bí ẹni tí wọn kò bi ní ìbéèrè yẹn rí.

"Chidi," ó ní. "Chidi ni ẹ̀gbọ́n. Obinna ni àbúrò."

Màmá mi tún orúkọ méjèèjì pè lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó ń ṣọ́ ohùn rẹ̀ kó má baà ṣì wọ́n pè.